Ọdún tí Àbẹ̀kẹ́ Amọ̀kòkò Gbé Ilé Wa

Bí ẹ bá jí mi lójú oorun lónìí tí ẹ ní kí n sọ ohun tó máa ń dún ní agboolé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, n óò tò ó fún yín láìṣi ẹyọ kan. Ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń kọ́kọ́ dún, kí àkùkọ tó pinnu bóyá òun máa kọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn agogo ni ikọ́ Katikíìsì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà òwúrọ̀, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Tó bá di ọ̀sán, odó ni. Iyán là ń jẹ ní Dásà, níhà ọ̀dọ̀ àwa tí Faransé jọba lé lórí, ilé tí wọn ò bá sì gbúròó odó rẹ̀ títí oòrùn fi yẹ àtàrí, aládùúgbò á rán ọmọ wá wò ó bóyá àìsàn ló wọbẹ̀. Àmọ́ ohùn kan wà tí mi ò tíì gbọ́ níbòmíràn láti ìgbà tí mo ti kúrò níbẹ̀. Ohùn àpáta ni. Ẹ̀yìn yàrá Ìyá Àgbà gan-an ni àpáta náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, kó tó gbéra nílẹ̀ lójijì tó di òkè. Orí ibi tó tẹ́ yẹn ni gbogbo àdúgbò ti ń sá gbodo, ẹ̀pà àti ata. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní apá tirẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ la fi pa ààlà, ọmọ tó bá sì fi ẹsẹ̀ ta òkúta ààlà ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àgbà méjì. Oòrùn á yan àpáta yẹn láti àárọ̀, tó bá wá di ìrọ̀lẹ́ tí atẹ́gùn tútù fẹ́ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti inú lọ́hùn-ún, kó, kó, á dákẹ́ díẹ̀, kó. Àwọn àgbà ní àpáta ń na ara ni, bí ẹni tó ti oko dé. Mo gbà bẹ́ẹ̀ títí di ọdún tí Tàntí mi, àbúrò bàbá mi obìnrin, gbé ìwé wọ ilé wa.

Ọdún yẹn kò bẹ̀rẹ̀ dáadáa fún wa. Màmá mi bí ọmọbìnrin kan sójú ọ̀nà nígbà tó ń ti ọjà Glazoué bọ̀, lábẹ́ igi kan, àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń bọ̀ ló gbẹ̀bí rẹ̀. Abíọ́nà la sọ ọ́. Mo gbé e dáadáa. Mo ṣì mọ bí orí rẹ̀ ṣe máa ń gbóná lábẹ́ àgbọ̀n mi. Katikíìsì, tó ń kọ́ gbogbo ọmọ àdúgbò ní ẹ̀kọ́ ìsìn, ní kí a má kánjú sí ìrìbọmi rẹ̀. Fada ń bọ̀ láti ìrìn àjò, òun fẹ́ kí Fada fúnra rẹ̀ ṣe é kó lè lẹ́yẹ. Ó wá gba Kpingni lọ fún ọjọ́ mẹ́ta láti lọ kọ́ àwọn ará oko níbẹ̀. Bó ṣe ń lọ, ó ní kí a dúró de òun. Ní ọjọ́ kejì ni ibà mú ọmọ. Ẹnikẹ́ni ló lè da omi sórí ọmọ tó fẹ́ kú, kó pe orúkọ Mẹ́talọ́kan lé e, ó sì ti di ìrìbọmi nìyẹn. Katikíìsì ló kọ́ wa, èmi ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ̀ ọ́n sórí. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, gbogbo wa dúró yí ọmọ ká, a ń sọ pé kí Katikíìsì ṣáà dé. Kó tó dé, ọmọ ti lọ. Ogún ọjọ́ péré ló lò pẹ̀lú wa.

Àwọn ènìyàn wá kí wa. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Màmá mi ń ṣe àmín, ó ń ṣe àmín, bí wọ́n bá lọ tán á wá máa wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ohun tó jábọ́ níbẹ̀. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń pọnmi, ó ń gúnyán, ó ń bẹ iṣu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀. Tó bá pàdé Katikíìsì á kúnlẹ̀ kí i bí ìyàwó ilé ṣe ń kí ọkọ rẹ̀ àgbà, á dìde, kò tún ní sọ nǹkan kan mọ́ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Nǹkan kan ṣoṣo ló tọrọ ní gbogbo ọdún yẹn. Lọ́dọ̀ wa, ní ọjọ́ kejì Tùsán, ọdún gbogbo ẹni mímọ́, tí ṣọ́ọ̀ṣì ń gbàdúrà fún gbogbo òkú, wọ́n máa ń ka orúkọ òkú ilé kọ̀ọ̀kan sókè níwájú ìjọ. Katikíìsì ló ń kọ orúkọ náà sínú kayé aláwọ̀ búlúù kan. Màmá ní kí bàbá mi bá òun bẹ̀ ẹ́ kó kọ Abíọ́nà. Katikíìsì ní kò ṣeé ṣe. Ọmọ tí kò ṣe ìrìbọmi kò sí nínú ìyà, kò sì sí nínú ògo, ibi tó wà kò gba àdúrà. Ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́. Ìyá Àgbà, tó ń ṣa ẹ̀wà, ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni, àmọ́ Katikíìsì kò jẹ oúnjẹ alẹ́ lọ́jọ́ náà.

Báyìí ni nǹkan ṣe rí nígbà tí Tàntí dé láti Nàìjíríà. Ó ti fẹ́ káfíńtà kan ní Abẹ́òkúta, ó gbé ibẹ̀ fún ọdún pípẹ́, ọkọ rẹ̀ kú, kò bímọ fún un, ó bá kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan ló gbé dé, àti àpótí kan. Nígbà tó ń tú àpótí ni mo rí ìwé náà láàárín aṣọ méjì. Mo ṣí i. Mo retí èdè Faransé, nítorí mi ò tíì rí ìwé tí wọ́n fi èdè wa kọ rí láyé mi. Ní lékọ́ọ̀lù, ilé ìwé wa, ẹni tó bá sọ èdè ilé, egungun ẹran kan la óò so kọ́ ọ lọ́rùn, á gbé e kiri títí yóò fi rí ẹlòmíràn tó ṣe àṣìṣe kan náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe lẹ́tà inú ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan sì dìde lójú mi: omi. Omi tí mo pọn láàárọ̀. Mo tún rí ilé, mo rí ọmọ. Kì í ṣe bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Dásà gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe kọ gbogbo rẹ̀, àmọ́ ó sún mọ́ tiwa bí ọmọ ìyá méjì ṣe sún mọ́ra. Mo pa ìwé náà dé. Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnìkan ń gbé egungun bọ̀. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn débi pé mo gbàgbé pé wọ́n rán mi níṣẹ́. Mo ti rí òkun láti ìgbà náà, mo ti wọ ọkọ̀ òfuurufú, kò sí èyí tó yà mí lẹ́nu tó ọ̀rọ̀ kékeré yẹn nínú ìwé Tàntí.

Àkókò bíbẹ iṣu ló dé bá. Òjò ti ń palẹ̀ mọ́, iṣu ti kún inú abà, gbogbo obìnrin ilé ń jókòó lẹ́yìn ilé lọ́sàn-án, létí àpáta, wọ́n ń bẹ iṣu, wọ́n ń là á, wọ́n ń bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, àwa ọmọ ń gbé e lọ sá. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe tí etí ń ṣófo ni. Ìyá Àgbà ló ní kí Tàntí ka ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ fún wa kí oorun má bàa kun òun. Tàntí nu ọwọ́, ó gbé gíláàsì ọkọ rẹ̀ tó kú sójú, ó bẹ̀rẹ̀. Ìtàn obìnrin kan ni, Àbẹ̀kẹ́ Amọ̀kòkò. Ọmọ mẹ́ta ni Àbẹ̀kẹ́ bí, ọmọ mẹ́ta ló sin. Lọ́jọ́ kan ó lọ wa amọ̀ nídìí àpáta, ọkọ́ rẹ̀ kan ohun tó dún bí ilẹ̀kùn, ó sì jẹ́ ilẹ̀kùn lóòótọ́. Ìlú ńlá kan ló wà nínú àpáta náà. Ní ìlú yẹn, bàbá arúgbó kan ló ń ru oòrùn nínú igbá láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, bó bá rẹ̀ ẹ́ tó sọ̀ ọ́, ọ̀sán á gùn. Òjò ń ti ilẹ̀ rọ̀ lọ sókè. Ọjà kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé kìkì ohun tí àwọn ará ayé gbàgbé síbì kan ni wọ́n ń pàtẹ. Àwọn ará ìlú náà ò sì ní ohùn, inú ìkòkò ọlọ́mọrí ni kálukú kó ohùn rẹ̀ sí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọdé tó kú kí ayé tó mọ̀ wọ́n ló pọ̀ jù nínú wọn. Tàntí ń kà, ọ̀bẹ dákẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Iṣu tó wà lórí iná hó jù, ó di ẹ̀kọ, kò sí ẹni tó bínú.

Láti ọjọ́ náà, Àbẹ̀kẹ́ di ará ilé wa. Bí a bá ń jẹun, òun là ń sọ. Ṣùgbọ́n bí a ti ń sọ ọ́ ni à ń jà, nítorí ohun tí olúkúlùkù gbọ́ nínú ìwé kan náà yàtọ̀ síra wọn. Ìyá Àgbà ní òótọ́ pọ́nńbélé ni, ẹni tó kọ ọ́ ti débẹ̀. Ta ló sọ fún un pé àpáta máa ń dún ní ìrọ̀lẹ́, bí kò bá débẹ̀? Torí ìwé náà sọ ọ́: ó ní àwọn ará inú òkúta ló ń kan ọmọrí ìkòkò ohùn wọn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ohùn ṣì wà níbẹ̀. Bàbá Ràfíù, oníṣòwò Mùsùlùmí kan láti ìgboro Dásà tó máa ń wá ra ẹ̀pà lọ́wọ́ wa, jókòó gbọ́ ọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì ní ẹni tó kọ ọ́ kò tajà rí láyé rẹ̀. Ọjà tí kò ní olùrà, tí kò sí olè níbẹ̀, ọjà kọ́ nìyẹn. Ó di àpò ẹ̀pà rẹ̀, ó lọ dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó rọra bi Tàntí pé, nínú ọjà ohun ìgbàgbé yẹn, ṣé wọ́n dárúkọ tẹ̀sùbáà, torí òun gbàgbé ti bàbá òun sínú ọkọ̀ kan ní Paouignan nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́. Bàbá mi ní tirẹ̀ ń bínú sí Àbẹ̀kẹ́ ni. Ó ní obìnrin kan dìde, ó wọ inú òkúta, kò ro ti ọkọ tó fi sílẹ̀ lóde. Nínú ìwé, ọkọ náà ń wá sídìí àpáta lójoojúmọ́, ó ń pè é. A fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé oúnjẹ ló ń rò. Ó ní ọkùnrin yẹn náà sọ ọmọ mẹ́ta nù, kò sì sí ẹni tó wá kí i. A ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Katikíìsì nìkan ni kò fẹ́ gbọ́ rárá. Ó ní irọ́ ni, irọ́ tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé sì burú ju irọ́ ẹnu lọ torí kì í tán nílẹ̀. Ọ̀run wà, iná wà, ibi ìwẹ̀nùmọ́ wà, kò sí ìlú kankan nínú òkúta. Ó ní òun ò ní lé Tàntí tó jẹ́ àbúrò òun, àmọ́ òun ò ní jókòó tì í. Ó bá ń gbé ìwé àdúrà rẹ̀ lọ sábẹ́ igi máńgòrò lọ́sọ̀ọ̀sán, níbi tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí wa. Èmi tí mò ń gbé iṣu kọjá lójú rẹ̀ ló mọ̀ pé kò ṣí ojú ìwé kankan. Ojú ìwé kan náà ló wà láti Mọ́ńdè títí di Sátidé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Tàntí ṣèèṣì fo ìlà kan níbi tí Àbẹ̀kẹ́ ti dé ẹnu bodè. Ohùn kan ti abẹ́ igi máńgòrò wá, ó ní, “Ìkòkò mẹ́ta ló gbé dání lánàá. Níbo lo gbé ẹ̀kẹta sí?” Tàntí wo inú ìwé, ó rí i pé òótọ́ ni, ó padà sẹ́yìn kà á. Ìyá Àgbà fi ìró rẹ̀ bo ẹnu. Katikíìsì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì yíjú padà.

Màmá mi kò dá sí ìjà kankan. Ó jókòó sí ẹ̀yìn gbogbo wọn, ó ń bẹ iṣu, mo sì rò pé kò tilẹ̀ gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan wọ́n rán mi lọ kó gbodo nílẹ̀ torí ìrì. Oòrùn ti ń rọ̀, àpáta ń dún, ó ń dún gan-an lọ́jọ́ náà. Mo bá Màmá lórí apá tiwa. Ó ti kó gbodo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dùbúlẹ̀ gbalaja sórí òkúta gbígbóná yẹn, ó lẹ etí rẹ̀ mọ́ ọn. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà nílẹ̀ níwájú ojú rẹ̀, ìka rẹ̀ ń kan òkúta: kó, kó. Á dúró. Àpáta á dún. Á tún kan án. Ó rí mi, kò dìde, kò sì tijú. Ó sún díẹ̀ kí n lè ráyè. Mo dùbúlẹ̀ tì í, mo fi etí lélẹ̀, ooru àpáta wọ inú orí mi, mo sì gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ jíjìn, ó dún, ó dáhùn. Mo ti kàwé púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Ẹnìkan tó mọ̀ nípa òkúta ti ṣàlàyé fún mi bí oòrùn ṣe ń mú àpáta fẹ̀ tí òtútù sì ń mú un súnkì. Mo gba gbogbo àlàyé rẹ̀. Síbẹ̀ irun ara mi dìde lónìí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ìwé náà parí ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Tùsán. Àbẹ̀kẹ́ rí àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n sì sọ fún un pé ó lè padà sáyé, àmọ́ kò ní rántí ojú wọn mọ́. Bó bá sì fẹ́ dúró, kó kó ohùn rẹ̀ sínú ìkòkò kẹta kó dé e. Àwọn ọmọ kéékèèké mìíràn tí kò ní ẹni kankan ti yí i ká, wọ́n di etí ìró rẹ̀ mú. Àbẹ̀kẹ́ ṣí ìkòkò, ó pe orúkọ ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sínú rẹ̀, ó dé e. Ilẹ̀kùn pa dé. Ó jókòó sáàárín àwọn ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di irun orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ ni ìwé tán. Tàntí bọ́ gíláàsì, ojú rẹ̀ tutù. Bàbá mi dìde ó jáde. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí mo ti di olùkọ́, mo pàdé ọkùnrin kan ní ìlú ńlá tó ti ka ìwé náà, ó ní ìwé ọmọdé ni, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, òpin rẹ̀ ò sì dáa. Àwọn ọmọ tèmi náà kà á. Ọ̀kan fẹ́ràn rẹ̀, ọ̀kan ní ó ń dẹ́rù ba òun. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀ mọ́. Wọn ò kà á létí àpáta.

Ọjọ́ tí Katikíìsì ń kọ orúkọ òkú pé, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú kayé búlúù àti bíìkì tó fi ń kọ̀wé. Èmi ló ní kí n di kayé mú kí atẹ́gùn má máa ṣí i. Màmá ń bẹ iṣu ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí wa. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ wá. Ó ka orúkọ ọkọ rẹ̀, ó ka ti àwọn òbí rẹ̀, ó ka ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ó wá ní kó kọ Àbẹ̀kẹ́. Katikíìsì bi í pé Àbẹ̀kẹ́ wo. Ó ní Àbẹ̀kẹ́ Amọ̀kòkò. Bíìkì dúró lórí ìwé. Ìyá Àgbà kò ṣe àwàdà rárá. Ó ní òun ti rò ó fún odidi ọ̀sẹ̀ kan: obìnrin yẹn ti kó ohùn rẹ̀ sínú ìkòkò, kò lè gbàdúrà fúnra rẹ̀, kò sì ní ọmọ kankan lóde ayé tó lè gbé orúkọ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló kù tó mọ̀ ọ́n bí kò ṣe àwa? Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an rò pé ọ̀rọ̀ náà tọ́. Katikíìsì fi sùúrù dá a lóhùn, bó ṣe ń dá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lóhùn.

“Ìyá, kò sí ẹni tó bí i. Ẹnìkan ló jókòó tó fi yíǹkì kọ ọ́. A kì í gbàdúrà òkú fún ẹni tí wọn ò bí.”

Ọ̀bẹ Màmá dúró. Kò yíjú padà.

“Ẹni tí mo bí ńkọ́, ọkọ mi?”

Mo ti gbọ́ ìwàásù bíṣọ́ọ̀bù, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú, mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó pa ibì kan lẹ́nu mọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ohùn rẹ̀ kò le. Ó bi í bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ni. Ìyá Àgbà wo ilẹ̀. Mo sì rí ohun tí mi ò rò pé mo lè rí láé: omi bọ́ lójú Katikíìsì, ó kán sórí orúkọ bàbá rẹ̀ nínú kayé, yíǹkì sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn.

“Èmi ni mo ní kí ẹ dúró dè mí,” ó ní.

Ó tẹ̀ ba kayé, ó kọ̀wé. Apá òkè kayé ni mo wà, lẹ́tà rẹ̀ dorí kodò lójú mi, àmọ́ mo rí lẹ́tà A, lẹ́tà b, lẹ́tà i. Ó kọ ìlà kan, ó ronú, ó tún kọ ìlà mìíràn sábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pa kayé dé kí n tó lè ka ìyẹn. Màmá gbé ọ̀bẹ, ó ń bẹ iṣu rẹ̀ lọ. Ejìká rẹ̀ ń mì. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran ni wọ́n wí, mo sì rí i pé kò gé ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì Tùsán, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ìta. Fada wa, òyìnbó ni, ahọ́n rẹ̀ kì í lè gun orúkọ wa dókè, nítorí náà Katikíìsì ló máa ń kà á, ìjọ á sì máa dáhùn pé kí Ọlọ́run fún un ní ìsinmi. Ó ka ti ilé àwọn ẹlòmíràn, ó dé orí tiwa. Ó ka bàbá rẹ̀, ó ka àwọn àgbà. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, “Abíọ́nà.” Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dáhùn. Àwọn tó mọ̀, àwọn tí kò mọ̀, ohùn ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn bọ́ sórí orúkọ ọmọ ogún ọjọ́ yẹn, ó gbá òrùlé, ó padà sí wa. Màmá mi di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. Katikíìsì kò tíì gbójú sókè. Ó ní, “Àbẹ̀kẹ́ Amọ̀kòkò.” Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì tún dáhùn pé kí Ọlọ́run fún un ní ìsinmi. Bàbá mi ni ohùn rẹ̀ ròkè jù.

Nígbà tí a jáde, oòrùn ti mú. Èmi ni wọ́n fún ní agboòrùn Katikíìsì kí n dì í mú, èmi àti Màmá dúró dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Katikíìsì jáde, Fada tẹ̀ lé e, ó dá a dúró, ó sì bi í lédè Faransé pé orúkọ tó kà kẹ́yìn nílé wa, tí kò ní orúkọ ìrìbọmi, ta nìyẹn. Katikíìsì tó fi gbogbo àkókò bíbẹ iṣu sọ pé irọ́ ni, mo wo ẹnu rẹ̀. Ó bọ́ fìlà rẹ̀. Ó dá Fada lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, Fada dúró ó ń wò ó, ó nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó padà wọlé. Màmá kò gbọ́ Faransé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi, ó ní kí ló sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un bí mo ṣe gbọ́ ọ.

“Ó ní obìnrin kan tó ń bá wa tọ́jú ọmọ ni.”

Màmá nàró. Ó gba agboòrùn lọ́wọ́ mi, ó ṣí i, ó rìn lọ bá Katikíìsì, ó sì nà án bò ó lórí títí a fi délé.